Ìka Ọkọ Mi Ni Mo Yọ Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń gbé inú ilé kan náà ní Ọ̀wọ̀ láìsọ ju "ẹ káàárọ̀" síra wa. Èmi ni mo fà á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mo sì gbádùn rẹ̀. Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé adùn rẹ̀ ti lọ, ìbínú náà kò sì tán nínú mi. Irú kí lèyí?

Ọmọ Arimogija ni mí. Gààrí ni ìyá mi ń dín, ìdí rẹ̀ náà ni mo dàgbà sí, láti orí ẹ̀gẹ́ bíbẹ títí dé ìdí agbada gbígbóná. Níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ tẹ gààrí lórí iná láti kékeré, gbogbo ojú ìka mi ti dán, ìlà ara wọn ti pa rẹ́. Gààrí yìí náà ni mo tà tí mo fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan nínú ìlú. Ọkọ mi, ọmọ Àkókó tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ní òun yóò bá mi tò ó kó máa fi ìka ṣí, kí ẹnikẹ́ni má baà lè wo inú rẹ̀. Mo gbé àtàǹpàkò lé e, ó kọ̀. Mo gbé ìka tó tẹ̀ lé e lé e, ó kọ̀. Mo fọ ọwọ́, mo nù ún gbẹ, ẹ̀rọ náà ṣáà ní òun kò rí nǹkan kan. Ni ọkọ mi bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Tólú, jẹ́ kí n fi tèmi sí i. Ṣé ọwọ́ mi kọ́ ni ọwọ́ rẹ ni?" Ó gbé ìka rẹ̀ lé e, ó gbà á lójú ẹsẹ̀. Ó tún tẹ nọ́ńbà mẹ́rin sí i, èyí tí èèyàn lè lò bí ìka bá kọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún mi. Ó ní màá lọ kọ ọ́ sára ògiri. Èmi náà sì gbà! Mo ṣe bí ìfẹ́ ni.

Báyìí ni mo di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí n tó ṣí ẹrù ara mi. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, màá gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á fọwọ́ kàn án. Bí ọbẹ̀ àná kò bá dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó di ọjọ́ kejì.

Nígbà tó yá, orúnkún ìyá mi dá a dúbúlẹ̀, mo lọ tọ́jú rẹ̀, mo sì fi ọjọ́ kan pẹ́ ju bí mo ṣe sọ. Àárọ̀ tí mo dé gan-an ni mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ àṣekágbá mi ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa kó tó di ọ̀sán. Ọkọ mi jáde láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Mo gun ọ̀kadà, mo gbá a mọ́ àyà, ó di ọ́fíìsì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, ìka ni ìyàwó mi wá yá. O mọ ọ̀nà Arimogija, kọ̀ǹpútà ṣíṣí ni o ò mọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bí mo ṣe pàdánù ọdún kan nìyẹn.

N kò sunkún. Mo gbé e mì, mo ń ṣọ́ ọ. Kò ju oṣù méjì lọ tí àdá fi ṣá a ní ìka ní oko rẹ̀ lọ́nà Ìpèlé. Wọ́n fi báńdéèjì wé e, ló bá di dandan kó máa tẹ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó gbé omi wá, mo sì kà á mọ́rí. Mo ní kí àbúrò mi máa bá mi dín gààrí, mo ń fi òrí pa ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ẹ̀rọ náà fi gba ìka mi tó kéré jù. Síbẹ̀, n kò sọ fún un. Láràárọ̀ ni mo ṣì ń kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú.

Ọjọ́ mi dé. Ó ń wá ipò ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà mi ni fọ́ọ̀mù náà àti gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ni wọ́n máa tì í. Bó ṣe lọ gba lẹ́tà tó kù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, mo yọ ìka rẹ̀ kúrò, mo yí nọ́ńbà padà. Aago mẹ́ta ló dé. Ó gbé ìka lé e, ó kọ̀. Ó nù ún, ó kọ̀. Ó tẹ nọ́ńbà, ó kọ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ó sì yé e. "Ìyá Tólú, mo bẹ̀ ọ́, nítorí Ọlọ́run." Mo ní, "Bàbá Tólú, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ máa wo aago." Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ̀yin èèyàn! Mo jókòó tì í títí aago mẹ́rin fi kọjá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ló ń pàṣẹ fún un báyìí.

Ìyá rẹ̀ wá láti Àkókó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Àfi bí màmá ṣe dì mọ́ mi, tí wọ́n ń kí mi kú ìrọ́jú. Ọkọ mi ti sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà náà ló bàjẹ́, pé èmi ni mo sáré kiri ìlú wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Ta ló ní kó gbèjà mi? Ṣé ìtìjú ló ń bò mọ́ra ni, àbí èmi ló ń bò? Inú tún bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ó fẹ́ gba ẹ̀san mi mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n pe màmá, kí n sọ òótọ́ fún wọn, àbí kí n jẹ́ kí irọ́ tó pa nítorí mi dúró? Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, màá gbìyànjú rẹ̀. Ẹ ṣáà má ní kí n tọrọ àforíjì. Mo ti gbìyànjú ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì níwájú dígí, mo sì ń rí i pé ẹ̀rín ni mò ń rín.