Òwú Funfun Tó Wà Nínú Àpótí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi bú ara mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ bá mi wọlẹ̀. Èmi ni mo ti ọmọ-ọmọ mi lẹ́yìn nínú iṣẹ́ tó tú àṣírí mi. Olùkọ́ ni. Ó ní òun fẹ́ tọ ìdí ẹbí wa nínú àwọn ìwé àtijọ́, kí òun yà á bí igi. Inú mi dùn ṣìnkìn. Mo ní kó kọ orúkọ tèmi gàdàgbà. Ẹni tó ṣu sábẹ́ àga kì í ní kí wọ́n wá gbálẹ̀ níbẹ̀, àfi èmi.

Ó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun. Èmi ni wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo tọ́. Ó tún lọ sílé ìgbẹ̀bí, ó ṣí ìwé ọdún yẹn, orúkọ àbúrò mi ló bá níbẹ̀. Ó ní, Màmá àgbà, ó jọ pé nọ́ọ̀sì ló ṣi orúkọ kọ. Ẹnu mi ti là láti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Dókítà kì í kọ oògùn fún mi mọ́, èjìká mi ló kàn ń fọwọ́ gbá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lo ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Bóyá orúnkún ń dun òtítọ́ náà bíi tèmi.

Àbúrò mi ló bí ọmọ náà, kò sì sí ọkọ nílé. Ara rẹ̀ ò yá lẹ́yìn ìbímọ, ni mo bá gbé ọmọ lọ kọ orúkọ. Akọ̀wé ò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní, “Ìyá ọmọ dà?” Mo ní èmi nìyí. Ta ni nínú yín ni kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀? Ọmọ àbúrò mi, ọmọ mi ni. Kò bi mí pé ikùn wo ló ti jáde. Ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kà. Mo rí i tó ń kọ orúkọ mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò nílé ọkọ, ikùn mi sì pẹlẹbẹ bíi tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Dípò kí n sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ síwájú, mo fi ẹnu fẹ́ íǹkì náà kó lè tètè gbẹ.

Nígbà tí àbúrò mi rí ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kálámù ti bá mi bímọ láìrọbí, kí n lọ tún un ṣe. Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la yẹn ò mọ́ títí ọmọ fi pé ọdún méjì, tí ìyá rẹ̀ rí yàrá gbà, tó wá mú un. Mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, mo ní kó mú tirẹ̀ jáde.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ni ìwé. Èmi ni mo ni ìrọbí.”

Mo ní ìrọbí ò ní òǹtẹ̀.

Kò bá mi jà. Ó wá ń bá mi rán bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, kó ṣáà lè máa rí ọmọ rẹ̀. Ọmọ ń pè é ní Àǹtí Oníbọ́tìnnì, èmi a sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn ló ń kan lẹ́nu mi báyìí.

Èyí tó burú jù ló kù. Ọmọ ti pé ọdún mọ́kànlá nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró àbúrò mi daṣẹ́ sílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń bẹ̀ mí pé òun ò ní sọ nǹkan kan, kí ọmọ ṣáà wọlé wá pe òun ní “ìyá mi” lẹ́ẹ̀kan, kí n sọ fún un pé eré ni. Ọ̀rọ̀ tí à ń fi kí obìnrin tí a ò mọ̀ rí lójú títì lásán ni. Ọmọ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Mo ní kó sáré lọ ra òwú funfun ní òpópónà kejì, bẹ́ẹ̀ òwú funfun mẹ́ta wà nínú àpótí. Mo padà wọ yàrá, mo ní ọmọ ò tíì ti ilé ìwé dé. Àbúrò mi, tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sáré lọ, ní, “Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi.” Kí ọmọ tó dé, ó ti kú. Òwú tó rà bọ̀ ni mo fi rán aṣọ tí a wọ̀ fún òkú.

Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ṣì le, bí wọ́n bá kọ orúkọ yín sípò ẹlòmíràn, ẹ wí i kí íǹkì tó gbẹ.

Lánàá, mo ka gbogbo èyí sí ọmọ náà, ìyá olùkọ́ wa, létí. Mo tọrọ ìdáríjì lórí orúnkún tí kò ṣeé kúnlẹ̀ mọ́. Òun náà ló tún fà mí dìde. Ó jókòó, ó ń ká etí aṣọ rẹ̀.

“Màmá, mo rí òwú nínú àpótí lọ́jọ́ yẹn kí n tó jáde. Mo rò pé ẹ gbàgbé ni.”