Okùn Búlúù Tí Kánsù Fún Mi

Nírọ̀lẹ́, tí àwọn ewúrẹ́ bá ń gba ẹ̀yìn ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí kọjá lọ sílé, mo máa ń fi ìka di etí mi. Àwọn tí a jọ wà nínú yàrá kọ́kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ rẹ̀. Bí wọ́dà bá ti ń ṣílẹ̀kùn lówùúrọ̀, gbogbo wa á máa wo ẹni tó máa pè.

Ẹ má bi mí lórúkọ. Mo ti ba orúkọ tí bàbá mi sọ mí jẹ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. N ò sì ní dárúkọ kánsù tí mo bá ṣiṣẹ́, torí kánsù kọ́ ló pààyàn, èmi ni. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí láti Ìmoru. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá síṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, ilé opó kan tó ń ta igi ìdáná ni mo gba yàrá sí. Ìyá Bọ́sẹ̀ là ń pè é. Bí owó oṣù wa bá pẹ́, tí mo bá ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná rẹ̀ kọjá kó má baà rí ebi lójú mi, á pariwo pè mí: "Wá jẹun jàre! Ṣé ebi mọ̀ pé kánsù ò tíì sanwó ni?" Mo jẹ oúnjẹ ìyá náà títí mo fi rí ilé àkọ́ì-parí kan tí mo lè máa gbé lọ́nà Uso. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oúnjẹ yẹn sọ́kàn.

Abẹ́ àwọn wolé-wolé ni iṣẹ́ mi wà. Ẹran tó ń jẹ̀ kiri títì ni mò ń kó. Wọ́n fún mi ní yunifọ́ọ̀mù àti okùn búlúù kan tó yi, irú èyí tí ẹ ò lè rí lọ́jà wa. Sámù ló ń wa ọkọ̀. A ó kó ẹran lọ sínú ọgbà ẹ̀yìn sẹkitéríàtì, olóhun á wá bẹ̀bẹ̀, á san owó ìtanràn, á mú ẹran rẹ̀ lọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá wá bèèrè, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo lójú gbogbo ayé. Àwọn èèyàn àdúgbò ń pè mí ní Ọlọ́pàá Ewúrẹ́. Inú mi ń dùn sí i, àní mo ń gbọn aṣọ mi bí mo bá gbọ́ ọ.

Lásìkò òjò kan, òbúkọ kékeré kan tó ń tiro wà nínú ọgbà. Ẹnikẹ́ni ò wá bèèrè rẹ̀.

Sámù ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o fẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́ ni?"

"Wọn ò tíì lù ú ní gbàǹjo."

"Ta ló máa ra arọ? Ẹran tí kò lólóhun, ẹnu ló ni ín."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. A sun ẹran náà ní ilé mi, a fi ata sí i. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lẹ́yìn èyí, a ò dúró de arọ mọ́. Nígbà tó yá, a ò dúró de ẹran tó ń jẹ̀ kiri pàápàá. Sámù rí ilé ọtí kan tó ń gba ẹran lọ́wọ́ wa láì bèèrè ọ̀rọ̀. A ó da èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹran á jáde, èmi á ju okùn. Bí ẹnikẹ́ni bá rí wa, aṣọ kánsù ti dáhùn fún wa. Ta ní í bi aṣọ ìjọba léèrè? Àwọn àgbà ti ní ẹni bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Mo mọ òwe náà láti kékeré, èmi náà sì ti fi bú àwọn mìíràn rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a rí abo ewúrẹ́ pupa kan tó sanra níwájú ọjà. Mo ju okùn, ó bọ́ sí i lọ́rùn. Ìgbà tó wọ inú ọkọ̀ tán ni mo rí etí òsì rẹ̀ tó ti ya.

"Sámù, dúró! Tanímọ̀la nìyí. Ẹran Ìyá Bọ́sẹ̀ ni."

Orúkọ tí àwọn èèyàn ń sọ ajá ni Tanímọ̀la, àmọ́ ewúrẹ́ ni ìyá yìí sọ ọ́. Bó bá fi orúkọ náà pè é nírọ̀lẹ́, ibi yòówù kí ẹran náà wà, á dáhùn.

"Jẹ́ n sọ̀ ọ́ kalẹ̀," mo ní.

"Lójú ọjà yìí? Kí wọ́n ní a jí i ni? Ẹran ti wọ mọ́tò, ó ti wọ mọ́tò nìyẹn."

Kò ju kí n tú kókó kan ṣoṣo lọ, àmọ́ ojú ń tì mí níwájú Sámù. Onílé ọtí rìnrìn-àjò lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹran sùn sí ẹ̀yìn ilé ìdáná mi.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Bọ́sẹ̀ wá sí sẹkitéríàtì. Ó wo inú ọgbà ẹran títí, ó wá bú sẹ́kún.

"Bọ́sẹ̀ lóyún o, ọmọ mi. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń pè é lágàn. Ẹran yẹn ni mò ń sìn de ìkómọ. Ìwọ ni ojú mi ní kánsù."

"Ẹ má sunkún mọ́, Ìyá. Màá bá yín wá a."

"Ọlọ́run ò ní fi ọ́ sílẹ̀," ó ní. Mo ṣe àmín. Ẹnu mi yìí ló ṣe àmín.

Lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé mi. Ó gbé iyán àti ọbẹ̀ wá nínú kúlà. Ó ní a kì í jẹ́ kí ebi pa ẹni tó ń báni wá nǹkan. Gbogbo ọ̀nà ló ti ń pe ẹran rẹ̀ bọ̀. Bó ṣe gbé kúlà kalẹ̀, ó kọjú sí igbó, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i: "Tanímọ̀la o! Tanímọ̀la!"

Ẹran dáhùn láti ẹ̀yìn ilé ìdáná mi.

Ìyá náà yíjú sí mi. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìwọ?"

Ó rìn lọ sẹ́yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn lọ́rùn ẹran, kókó náà kò sì tú. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní iṣẹ́ èṣù ni. Kò wò mí. Ó ní, "N ò ní lọ bá ọlọ́pàá. Ọ̀gá yín ni mo máa lọ bá lọ́la. Kí wọ́n gba okùn yìí lọ́wọ́ rẹ."

Mo rántí ìyá mi ní Ìmoru, tó ń sọ káàkiri pé ọmọ òun ń bá ìjọba ṣiṣẹ́. Mo rí ara mi tí mò ń bọ́ yunifọ́ọ̀mù lójú àwọn èèyàn. Ìdí okùn náà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ọwọ́ mi. Mo mú un. Ohun tí mo fi ṣe, ẹ ti mọ̀ ọ́n, n ò ní lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pè mí lọ́mọ òun kí ohùn rẹ̀ tó dákẹ́.

Mo gbé òkú rẹ̀ sínú kòtò ṣaláńgá tí wọn ò tíì bò. Ẹran náà kò yé ké. N ò lè fara dà á, ni mo bá fi ọ̀bẹ gé okùn náà, mo lé e wọgbó, mo sì ju ìdajì okùn tó kù sínú kòtò.

Nígbà tí Bọ́sẹ̀ dé láti Àkúrẹ́ tí kò rí ìyá rẹ̀, ó wá bẹ kánsù. Ọ̀gá wa ní kí èmi àti Sámù gbé ọkọ̀, kí a máa kéde kiri. Èmi ni mo mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání. "Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ bá wa wá ìyá àgbà kan, opó ni, igi ìdáná ló ń tà." Ohùn mi ń lu ògiri, ó ń padà wá bá mi.

Sámù rọra bi mí pé, "Ẹran ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ti sá lọ."

Ó wò mí. Ó kọjú sí títì.

Nígbà tí a dé àdúgbò Ìyá Bọ́sẹ̀, àwọn èèyàn kún iwájú ilé rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹnikẹ́ni ò kí wa. Láàárín wọn ni Tanímọ̀la dúró sí, ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Okùn búlúù wà lọ́rùn rẹ̀.

Bàbá Gàníyù, télọ̀ tó kọjú sí ilé ìyá náà, rìn wá síbi ọkọ̀. "Ọlọ́pàá Ewúrẹ́," ó ní, "sọ̀ kalẹ̀. Wá bá wa wo okùn yìí."

N ò lè sọ̀ kalẹ̀. N ò tíì pa ẹ̀rọ ọwọ́ mi, gbogbo àdúgbò sì ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Èmi fúnra mi ni mo mú ọlọ́pàá lọ síbi kòtò. Ìdajì okùn tó kù wà níbẹ̀. Nílé ẹjọ́, wọ́n gbé ìdajì méjèèjì sórí tábìlì, ó ṣe régí. Sámù náà ń ṣẹ̀wọ̀n tirẹ̀.

Ìyá mi wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ṣé ebi ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kí wá ni?" Ó gbé báàgì rẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Mo gbọ́ pé Bọ́sẹ̀ bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Yétúndé. Wọn ò pa ewúrẹ́ níbi ìkómọ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ ìjọba, ẹ gbọ́ tèmi. Wọ́n á fún yín láṣọ, wọ́n á fún yín lókùn, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín léèrè. Ọjọ́ náà ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní ohun kan kò lólóhun, ẹ má bá a rẹ́rìn-ín. Ó lólóhun. Olóhun náà lè jẹ́ ẹni tó bọ́ yín. Bó bá sì ti wọ mọ́tò, ẹ má tìtorí ìtìjú gbé e délé. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ọjà, kí wọ́n fi yín ṣe ẹlẹ́yà, kí wọ́n pè yín lólè. Ojú tó tì yín lónìí á là lọ́la. Ẹ dá ẹran olóhun padà nígbà tó ṣì ń ké.