Idán inú géèmù ni mo pè ní oògùn lójú ìyá ọ̀rẹ́ mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń wúwo lọ́kàn mi, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún. Mo ń kọ ọ́ báyìí nítorí pé ìyá kan fẹ́ dìde níwájú ìjọ lóṣù tó ń bọ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tó sì fẹ́ torí ẹ̀ dúpẹ́ yẹn ni ìwà tó burú jù tí mo tíì hù láyé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Mowe ni mò ń gbé nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń kọ́lé kan lọ́wọ́ níbẹ̀, ó ní kí n máa bá òun ṣọ́ ọ. Mo ti jáde ilé ìwé girama, mò ń retí ilé ìwé gíga tí kò pè mí. Igbó ló yí ilé náà ká. Èmi nìkan ni mò ń sùn, èmi nìkan ni mò ń jẹun. Ìgbà míì wà tí mi ò ní bá èèyàn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àfi tí mo bá lọ ra búrẹ́dì.

Níbi tí mo ti ń ra búrẹ́dì ni mo ti pàdé Rótìmí. Opó ni ìyá ẹ̀, ó ń ránṣọ, Rótìmí nìkan ló sì bí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló pa wá pọ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ìyá ẹ̀ sì ní jẹnẹrétọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́, la bá gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí yàrá Rótìmí.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe géèmù kan. Àwọn èèyàn kan ló dé sí ilẹ̀ tẹ́nì kankan ò gbé rí. Iṣẹ́ ẹni tó bá ń gbá géèmù náà ni kó bá wọn tẹ ìlú dó, kó bá wọn dáko, kó má jẹ̀ẹ́ kí ebi tàbí àìsàn pa wọ́n. Èmi ni mò ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Rótìmí ló ni idán inú ẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú idán ọ̀hún. Àwọn èèyàn mi kàn ń ju iná kiri ni. Rótìmí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tó bá rọrùn tó báyìí, kí ni wọ́n tún ń dáko fún? Idán tí kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń pa á, kò dùn."

Ló bá ṣe tiẹ̀. Ẹni tó bá pe òjò, ara tiẹ̀ á gbẹ, àfi kí ẹlòmíì fún un lómi. Ẹni tó bá wo aláìsàn sàn, òun náà á dùbúlẹ̀, àfi kí ẹnì kan jókòó tì í títí ara á fi yá. Ìlú tí wọn ò bá ti rí ti ara wọn rò, idán ò ní ṣẹ níbẹ̀. Rótìmí ya gbogbo ẹ̀ sórí kádíbọ́ọ̀dù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ẹ̀: òbìrípo, ìlà, orúkọ agbára kọ̀ọ̀kan, àti àwòrán èèyàn tó tẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Inú mi dùn lásìkò yẹn ju bó ṣe dùn rí lọ. Tí Màmá Rótìmí bá ń bu oúnjẹ ọmọ ẹ̀, á bu tèmi náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn nípa ẹ̀.

Bọ̀dá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó, tó sì máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì kan n'Ibafo. A fi géèmù wa hàn án. Ó wò ó títí. Gbogbo ìbéèrè tó ní, Rótìmí ló ń bi. Lẹ́yìn náà ló ní òun máa mú Rótìmí lọ bá àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Má bínú o, àbúrò. Ẹni tó lè kọ ọ́ pọ̀. Ẹni tó lè ronú báyìí ni ò pọ̀."

Rótìmí sọ fún mi lọ́nà ilé pé, "A jọ ń lọ ni." Mo gbọ́, àmọ́ ọkàn mi ò gbà á. Ohun tí mò ń rí ni pé yóò lọ, èmi á sì padà sínú ilé inú igbó yẹn.

Nígbà tí Rótìmí jáde lọ́jọ́ kan, mo lọ bá ìyá ẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Ohun tí Rótìmí ń yà sára ògiri ń bà mí lẹ́rù."

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ṣebí géèmù lẹ pè é?"

"Bí mo ṣe rò náà nìyẹn, mà. Àmọ́ ó ti ń pe orúkọ àwọn agbára yẹn nígbà tó bá dá wà."

Irọ́ ni. Rótìmí ò pe orúkọ kankan. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ẹ̀rù obìnrin yìí wà. Òjijì ni ọkọ ẹ̀ kú, kò sì yéé rò pé ayé ló pa á.

Ó sun gbogbo kádíbọ́ọ̀dù náà lẹ́yìnkùlé. Ó mú Rótìmí lọ sí ilé àdúrà kan lọ́nà Ifọ̀, wọ́n ní kó máa gbààwẹ̀. Nígbà tó yá, Rótìmí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun ṣàlàyé fún wọn pé eré lásán ni.

Mo lọ. Ó ti rù gan-an. Bàbá alàgbà ibẹ̀ bi mí lójú ẹ̀ pé, "Ìwọ tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é, ṣé eré ni lóòótọ́?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà. Òun ló mọ ìdí ẹ̀."

Rótìmí kàn wò mí. 

Mo gbé géèmù náà lọ bá bọ̀dá yẹn. Mo ní Rótìmí ò ṣe mọ́. Wọ́n gbà mí síṣẹ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n bi mí pé tí ẹni tó jókòó ti aláìsàn bá tún ṣàìsàn ńkọ́, mi ò mọ èsì. Mò ń méfò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa géèmù náà tì, wọ́n sì ní kí n máa lọ. Akute ni mo wà báyìí, mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Yàrá kan ni mo gbà, èmi nìkan náà ni.

Rótìmí ń mọ búlọ́ọ̀kù n'Ifọ̀. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí ìyá òun tún sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá ẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́ta ọdún. Ó ní, "Mo ti pa ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi mọ́ tó, ọmọ mi. Ó yẹ kí Rótìmí mọ ẹni tí Ọlọ́run rán sí wa nígbà yẹn. Màá pè ọ́ jáde, wàá dúró tì mí." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, ló bá ń ṣàdúrà fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, Rótìmí náà pè. Ó ní, "Wàá wá, àbí? Ọ̀rọ̀ ilé àdúrà yẹn, má jẹ̀ẹ́ kó dí ẹ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà ẹ́. Mo ti gbàgbé ẹ̀." Mo ní màá wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá dákẹ́, ẹnu ìyá ẹ̀ ni Rótìmí ti máa gbọ́ ọ, níwájú ìjọ, bí ìròyìn ayọ̀. Tí mo bá sì jẹ́wọ́, ìyá yẹn á mọ̀ pé torí irọ́ mi lòun ṣe fọwọ́ ara òun ba ayé ọmọ òun jẹ́, àgbà sì ti ń dé sí i. Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kẹ́ ẹ má bínú sí mi. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún mi, nínú àwọn méjèèjì, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ?