Òǹtẹ̀ Tó Ń Bà Lé Ẹ̀yìn Màmá Fẹ́mi

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń kúnlẹ̀ nínú ìjọ yìí, ẹ yá mi létí. Mi ò kàwé púpọ̀, ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ yìí, kó fojú fò ó. Ohun tí mo rí kò ní àṣìṣe.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Bísí tó ń ta awọ síìtì ọkọ̀ ní ìlà àwọn tó ń rán síìtì. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi mú, pé ohun gbogbo ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Níbi ìsìnkú pàápàá, mo máa ń wá kọ́lọ́fín kan rẹ́rìn-ín sí. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé àlá ebi ni mo lá.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni, ọjọ́ tí ààwẹ̀ wa parí. Nígbà tó di agogo méjìlá ọ̀sán, mo pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì, mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn róòlù awọ tí mo ń tà, mo gbàdúrà. Mo ní kí Olúwa rán oníbàárà sí mi, kí Ó sì jẹ́ kí wọ́n rí ṣọ́ọ̀bù tèmi kí wọ́n tó rí ti Ìyá Dàpọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ṣe àmín. Oòrùn mú, ikùn mi ń kùn. Mo gbé orí lé róòlù dúdú kan pé kí n sinmi díẹ̀. Ojú mi ò tíì pa dé tán tí ẹnìkan fi pè mí ní orúkọ tó jẹ́ pé àwọn tó tọ́ mi nìkan ló ń pè é: "Àbẹ̀kẹ́, dìde."

Mo dìde, àmọ́ ara mi ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó lanu sílẹ̀. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Àṣé bí mo ṣe máa ń sùn nìyí, bí àpò sìmẹ́ǹtì tó já!

Ọkùnrin gíga kan ló pè mí. Aṣọ rẹ̀ funfun, kò sì ní àpò kankan. Mo ní, "Ọ̀gá mi, aṣọ yín mà kò lápò. Níbo lẹ ń kówó sí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tẹ̀lé mi."

A dé ibì kan tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dà bí ti òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò. Àwọn ènìyàn jókòó lọ bẹẹrẹ, kò sí ẹni tó ń kánjú. Wúrà ni mo ti ń retí, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa. Mi ò rí wúrà o. Àga ni mo rí, èmi tó sì jẹ́ pé irú ohun tí wọ́n fi bò wọ́n ni mo ń fọwọ́ pa láràárọ̀, mo ti mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Rọ́bà ni! Rọ́bà ní ọ̀run! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: RỌ́BÀ NI. Èyí tó jẹ́ aṣọ, wọ́n kọ AṢỌ NI sí i. Àwọn kan wà tó jẹ́ awọ màlúù, wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ta ni mo rí lórí ọ̀kan nínú wọn? Bàbá Rọ́bà-ni. Ẹ̀yin àgbà ìlà wa, ẹ ó rántí rẹ̀, bàbá tó máa ń rán síìtì lábẹ́ igi, tí a sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé oníbàárà kò tíì ní béèrè tí yóò ti sọ pé, "Rọ́bà ni o, kì í ṣe awọ. Oòrùn máa là á." Oníbàárà á dúpẹ́, á kọjá sọ́dọ̀ àwa. Àwa á máa fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Bàtà kan ṣoṣo ló ní títí tó fi kú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ibí o! Rọ́bà ò tún fi yín sílẹ̀ níbí náà?"

Ó ní, "Ìyá Bísí ẹlẹ́nu bí abẹ! Rọ́bà ni, ọmọ mi. Fọwọ́ kàn án wò."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù, ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun.

"Kì í gbóná ni?"

"Ohun tí wọ́n kọ sí i ló jẹ́. Ara tù mí lórí rẹ̀."

Mo wá ojú Màmá Fẹ́mi láàárín wọn. Màmá Fẹ́mi, Ìyá Àdúrà wa, tó kọ́ mi níṣẹ́ ọjà yìí, tí gbogbo wa fi orin àti ijó sin, tí wòlíì sì ní òun rí i bó ṣe ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà wúrà. Mi ò rí i. Mo yíjú sí ọ̀gá mi, mo ní, "Àga tèmi dà?" Ó ti ń lọ. Mo rò pé kò gbọ́ ni. "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, tèmi dà?" Kò wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ọ̀nà tó kàn, a ò rìn ín, a já sínú rẹ̀ ni. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru tí ènìyàn ń fi abẹ̀bẹ̀ lé. Mo rí alágbèrè ọkùnrin kan, òjìji obìnrin méjì tí ó ti purọ́ fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé "ìwọ nìkan ni mo ní" ń fà á lápá méjèèjì, ó ń ya bí aṣọ, ó sì ń so padà kí wọ́n lè tún fà á. Mo rí onílé kan tó máa ń ti àwọn ayálégbé mọ́ ìta. Ó ru géètì ilé rẹ̀, irin náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àgádágodo rẹ̀ sì há a lẹ́nu.

Ibi tó tóbi jù ni ti àwọn òpùrọ́. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ni wọ́n kọ nǹkan sí lára. Wọ́n kọ OMI TÚTÙ sí ìkòkò kan. Àwọn òpùrọ́ náà sáré dé ibẹ̀, wọ́n bù ú mu, epo gbígbóná ni. Wọ́n kọ Ọ̀NÀ ÀBÁJÁDE sí ilẹ̀kùn kan. Wọ́n rọ́ lù ú, wọ́n ṣí i, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń sá fún lọ, ilẹ̀kùn mìíràn tún wà níwájú, wọ́n kọ ohun kan náà sí i, wọ́n tún sáré.

Mo ní, "Ọ̀gá mi, ṣé orí wọn ò pé ni? Wọn ò mọ̀ pé irọ́ ni?"

Ó ní, "Wọ́n mọ̀. Ìnira wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe aláìgbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn tó ra ọjà lọ́wọ́ wọn."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ìró kan: gbì!

Mo mọ ìró yẹn. Màmá Fẹ́mi ló kọ́kọ́ gbẹ́ òǹtẹ̀ ní ìlà wa. OJÚLÓWÓ AWỌ ni wọ́n gbẹ́ sí i. Rọ́bà bá dé, a ó lù ú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, a ó ṣáná sí etí awọ màlúù kékeré tí a há mọ́ àtẹ́lẹwọ́, òórùn pọ̀nmọ́ á gba ṣọ́ọ̀bù kan, oníbàárà á rò pé ara róòlù ló ti ń wá, inú rẹ̀ á dùn, á sì gbé rọ́bà lọ. Ìgbà tí Màmá ń kú lọ, èmi ló fi òǹtẹ̀ náà lé lọ́wọ́.

Gbì! Mo sáré tẹ̀lé ìró náà, mo ń kọsẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ ohun tí mo rò, mo dé ibẹ̀, obìnrin kan dojú bolẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà níhòòhò, irin pípọ́n jábọ́ látòkè, mi ò rí ọwọ́ tó dì í mú, gbì, ẹran ara hó, lẹ́tà yọ níbẹ̀, OJÚLÓWÓ AWỌ, kò tíì tutù tí òmíràn fi bà lé e, gbì, àyè ò sí mọ́ lẹ́yìn náà, wọ́n ń lù ú lórí ara wọn, gbì, ó gbójú sókè, yéè, Màmá Fẹ́mi ni!

"Àbẹ̀kẹ́? O ti kú ni?"

"Rárá, mà. Mo wá wò yín ni."

"O wá wò mí, o ò dẹ̀ mú nǹkan kan lọ́wọ́."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn láyé. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo ní, "Màmá, ta ló ń ṣe yín báyìí?"

"Ẹ̀yin ni. Ìgbàkígbà tí òǹtẹ̀ yẹn bá ba rọ́bà, ẹ̀yìn mi ló ń bà. Wo ti èjìká yìí. Tìrẹ ni, róòlù aláwọ̀ eérú tí o lù lánàá. Mo mọ ọwọ́ rẹ, o máa ń jẹ́ kó wọ́ sí òsì."

Mo kọjú sí ọ̀gá mi. "Nítorí rọ́bà lásán? Wọn kì í jẹ ẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni!"

Ó ní, "Wọ́n bi í léèrè ohun tó jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n."

Màmá di ẹsẹ̀ mi mú. "Sun òǹtẹ̀ náà, ọmọ mi."

"Mo máa sun ún, mà. Lónìí yìí."

Gbì!

Ó kérora, ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe tìrẹ."

Mo bi ọ̀gá mi pé, "Tí mo bá sun tèmi, ṣé ó máa dúró?"

"Tìrẹ yóò dúró. Ìlà yín ti gbẹ́ irú rẹ̀ kún ọwọ́."

"Kò wá sí àánú ni?"

"Àánú náà ni pé a mú ọ wá wò ó. Kò sí òmíràn."

"Ìyá Bísí! Ẹ ń sùn lórí ọjà!" Ohùn yìí ló jí mi. Awakọ̀ kan tó fẹ́ tún síìtì rẹ̀ ṣe ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí róòlù tí mo gbórí lé. "Ìyá, ṣé ojúlówó awọ nìyí?"

Mo ní, "Rọ́bà ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ń ṣeré. Òǹtẹ̀ mà nìyí lẹ́yìn rẹ̀."

"Èmi ni mo lù ú. Irọ́ ni mo pa. Rọ́bà ni, oòrùn máa là á."

Ó wò mí tẹsẹ̀-torí. "Ààwẹ̀ yìí ti wọ Ìyá lára o." Ló bá kọjá sọ́dọ̀ Ìyá Dàpọ̀. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Dàpọ̀: "Awọ ni, ọmọ mi, wá gbóòórùn rẹ̀." Mo gbọ́ ìró ìṣáná. Òórùn pọ̀nmọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Awakọ̀ náà yan róòlù kan tí wọn ò tíì lù lóǹtẹ̀, ó ní kí wọ́n lù ú kí ó lè dá òun lójú. Gbì! Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Mo mọ ibi tó bà lé.

Mo sun òǹtẹ̀ tèmi lọ́jọ́ náà gan-an. Mo wá lọ bá Ìyá Dàpọ̀, mo kúnlẹ̀ fún un, mo rò fún un bí mo ṣe rò ó fún yín yìí. Ó ní, "Màmá Fẹ́mi tí wòlíì rí lẹ́nu ọ̀nà wúrà? Ìyá Bísí, ìran lo wá ń tà báyìí, awọ ò yá mọ́?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ó dùn létí, torí ohun tí èmi pàápàá ìbá sọ fún un nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, mo mọ ẹni tí òǹtẹ̀ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìjọ yìí, ẹ sì mọ̀ pé mo mọ̀. Mi ò ní dárúkọ. Ohun tó bá jẹ́ ni kí ẹ kọ sí i. Bó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ kọ rọ́bà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò ní rí tà, nítorí òótọ́ ni pé a ò ní rí tà. Láti ọjọ́ Ẹtì, mi ò tà ju kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ kan lọ. Mo sì ń wo ojú yín bí ẹ ṣe ń gbọ́ mi yìí, mo rí i pé ẹ̀rín ni ẹ ń pa mọ́.

Lónìí tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, a ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa. Bóyá Màmá ń mí díẹ̀ níbi tó wà. Ọ̀la, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, a ó ṣí.