Bí Mo Ṣe Pa Ọ̀gágun Nítorí Kíbọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sanwó wọlé wá rẹ́rìn-ín mi láti ọdún mẹ́tàlélógún, ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀, torí pé lónìí mi ò ní pa yín lẹ́rìn-ín. Dókítà ti ní kí n má sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní nǹkan kan hù sí mi lọ́fun, pé lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n á gé e kúrò, àti pé bí èmi bá tilẹ̀ jí, ó ṣeé ṣe kí ohùn mi má bá mi jí. Èmi tí mi ò lè rí ògiri kí n má kí i. Wọ́n fún mi ní ìwé kékeré àti bírò pé kí n máa kọ ohun tí mo bá fẹ́ síbẹ̀. Mo kọ omi, mo kọ ìrọ̀rí, lẹ́yìn náà ni mo wo ìwé, ìwé wò mí, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo ti fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi gbọ́dọ̀ jáde wàyí. Mo pa èèyàn. Mo pa ọ̀rẹ́ mi nítorí kíbọ́ọ̀dù kan tí mo rí ní ọ̀pọ̀. Ẹni tí mo pa yìí sì ń bọ̀ wá kí mi nírọ̀lẹ́ òní, bó ṣe ń wá lójoojúmọ́.

Ọ̀gágun là ń pè é, nítorí géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ ọ́n gbá ju gbogbo àdúgbò lọ. Èmi, Ẹlẹ́nu ló ń pè mí, ẹ kò sì ní bi mí léèrè ìdí. A jọ ń gbé yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ṣe àga onítìmùtìmù. Fèrèsé kan, bẹ́ẹ̀dì kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, bàtà gidi kan tó jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ jí. Òun ń bá wọn kó ẹrù níbi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí, èmi ń ta àlòkù kọ̀ǹpútà. Bí a bá ti dé nírọ̀lẹ́, a ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún kan orúnkún, a ó pín ohun tí wọ́n ń kì sétí sí méjì, etí kan fún un, etí kan fún mi. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn fóòmù tuntun níbikíbi, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ dúró. Mo ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tóbi ju gbogbo yàrá yẹn lọ. Oorun ibẹ̀ kò dùn tó ti yàrá yẹn.

Kíbọ́ọ̀dù olórọ́bà kan la ní, bọ́tìnnì W rẹ̀ sì ti kú. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbá géèmù rí, W yìí ni ẹsẹ̀ ọmọ ogun yín. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á rìn síwájú. Bí kò bá ṣiṣẹ́, á dúró gbagidi bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, wọ́n á sì yìnbọn fún un. Ìdíje ńlá kan wá ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn géèmù tó wà ní òpópónà kejì, kálukú ló sì ń gbé kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá borí yóò wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi géèmù jẹun. Gbogbo wa mọ̀ pé Ọ̀gágun ni, bó bá ti lè rí kíbọ́ọ̀dù gidi, irú èyí tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní sípíríǹgì tirẹ̀ lábẹ́, tó ń dún "ká" bí ìka bá ti kàn án. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá ta èmi àtòun pọ̀, wọ́n á ní ká lọ mú ìyókù wá.

Oṣù mẹ́ta ni Ọ̀gágun fi ń wo ìpolówó ọjà lórí fóònù kó tó rí Màmá Tíṣà. Gbogbo ayé rẹ̀ ni màmá yìí fi kọ́ni ní iṣẹ́ títẹ̀wé. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ra kíbọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ sí i torí pé ó ń dún bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ àtijọ́. Ọmọ ọ̀hún kò mọ̀ pé ti àwa agbágéèmù lòun rà. Bí màmá bá ti tàn án, iná pupa, iná búlúù, iná aláwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn kiri lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó ní táwẹ́ẹ̀lì lòun fi ń bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí òun tó lè kọ lẹ́tà. Oríkèé ìka rẹ̀ ti wá le, ó sì fẹ́ tà á ní ìdámẹ́rin iye rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tà á fún ẹni tí òun kò bá tíì gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń dún lórí rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ti dá padà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí a débẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ní kí Ọ̀gágun máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dà bí ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá bọ́ sórí páànù. Ìka rẹ̀ dákẹ́ tán, màmá kò tíì yíjú padà. Ó wá ní, "Ọwọ́ yìí fúyẹ́. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ni, ẹni méjì péré ni mo gbọ́ tọ́wọ́ wọn rí báyìí." Èmi náà ní kí n gbìyànjú. Mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì ìlà, màmá sì béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀kùn lò ń kàn ni?" Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín títí ó fi dikùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni ìlara ti ráyè wọlé sí mi lára. Màmá ní kí Ọ̀gágun wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, torí pé lẹ́tà kan ṣì kù tóun fẹ́ fi kọ sí ọmọ òun.

Lọ́jọ́bọ̀, mo dá lọ. Irọ́ kékeré ni mo gbé lọ́wọ́, mo búra: pé Ọ̀gágun kò rà á mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí èmi rà á níye yẹn. Mo jókòó, mo ní, "Mà, ọ̀rẹ́ mi ò ní lè wá mọ́." Màmá ní kí ló dé. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ tán. Mo wolẹ̀. Màmá wò mí, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé ó kú?" "Rárá" ló yẹ kí n sọ. Mi ò sọ ọ́. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, omi ti dé sójú mi, èmi fúnra mi ò mọ ibi tó ti wá. Òǹwòran mi àkọ́kọ́ láyé nìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo, ó ń sunkún, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kúrò lórí ìtàgé. Mo bá fi alùpùpù kún un. Mo fi òjò sí i. Mo sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, mo wọ̀ ọ́ ní kóòtù tí kò ní rí. Mo wá ń dúró kí màmá dárúkọ iye, àfi bó ṣe dìde, ó yọ wáyà, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé kíbọ́ọ̀dù náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mi ò gba nǹkan kan. Gbé e fún ìyá rẹ̀. Sọ fún un pé mo gbọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀."

Ọ̀pọ̀ wo ló tún ju ọ̀fẹ́ lọ? Mo gbé e délé lábẹ́ ẹ̀wù bí olóyún, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gágun lọ pọnmi, mo sáré fà á yọ, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èmi àtòun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí oníṣọ́ọ̀bù àga fi pariwo láti ìsàlẹ̀ pé ta ló ń kan ìṣó lókè yẹn. Mo jí ohun tí kò ṣeé lò ní kọ̀rọ̀. Mo dá a padà sínú àpótí.

Mo ti sọ fún Ọ̀gágun pé màmá ti ta kíbọ́ọ̀dù, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín pé mi ò mọ èèyàn wò. Lọ́jọ́ Sátidé ó wẹ̀, ó yá ẹ̀wù funfun lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù àga, ó wọ ṣòkòtò funfun tirẹ̀ mọ́ ọn. Funfun látọrùn dé ẹsẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lókèèrè, mo sì fara pamọ́ sábẹ́ fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Ó kanlẹ̀kùn, màmá ṣí i, ilẹ̀kùn sì padé gbàgà. Níbi tí mo wà, mò ń gbọ́ màmá lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ọmọ náà sinmi. Ọ̀gágun kò gbọ́ ọ níwájú ilé. Ó ń rọra kanlẹ̀kùn, ó ń sọ pé, "Mà, èmi ni o." Bó bá ti sọ ọ́, ohùn màmá á tún gbọ̀n sí i. Mo lè jáde nígbà yẹn. Mo lóṣòó síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, onígbàjámọ̀ tó wà ní ọ̀ọ́kán ilé náà sọ fún mi pé ọmọ màmá mìíràn, tó jẹ́ obìnrin, ti wá kó o lọ, wọ́n ti tilé pa, torí ó ń sọ pé òkú wá kanlẹ̀kùn òun. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣìnà. Obìnrin tí orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo wa lọ, irọ́ mi ni wọ́n fi kó o kúrò nínú ilé ara rẹ̀.

Ẹ lè rò pé èyí ló burú jù. Kì í ṣe òun. Nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, Ọ̀gágun jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ohun tẹ́nì kan fi pamọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹlẹ́nu, ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé ọwọ́ mi wúwo ni?" Àpótí mi ò jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wò ó lójú, mo ní, "Ó wúwo díẹ̀." Ó mi orí. Ó ní, "O ṣé tó o sọ òótọ́ fún mi." Kò lọ síbi ìdíje. Kí oṣù tó parí, ó ti ta kọ̀ǹpútà, ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ ilé kíkùn, a ò sì tún pín etí mọ́. Kò pé ọdún kan tí mo fi bá àwọn òṣèré lọ. Ilé mẹ́fà ni mo ti gbé kíbọ́ọ̀dù náà dé. Mi ò lò ó, mi ò tà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọjà bá ti wà ní ọ̀pọ̀ jù lójú yín, ẹ béèrè ẹni tó san ìyókù. Màmá Tíṣà ti lọ, mi ò lè rí i bẹ̀ mọ́. Ọ̀gágun, ìwọ ni mo lè bẹ̀. Mò ń gbọ́ ẹ lọ́dẹ̀dẹ̀, ò ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Wọ́n ní ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ mi, o sì ti sọ fún wọn pé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti fi àmì sọ fún nọ́ọ̀sì pé lẹ́tà yìí ni kó kọ́kọ́ fún ẹ. Ọwọ́ rẹ kò wúwo. Irọ́ ni mo pa. Bó o bá lè forí jì mí, forí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, wọ́n á wá ẹlòmíràn tó máa fọwọ́ sí i, mi ò ní bínú. Ṣáà ka lẹ́tà mi tán kó o tó fọwọ́ sí ìwé wọn.