Ìkíni Nìkan Ni Ọ̀gá Mi Ń Dáhùn

Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ mi! Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì yẹn ná, kí ariwo rẹ̀ rọlẹ̀, kí ẹ gbọ́ mi. Kí ni mo ṣe fún ọkùnrin náà? Òun jókòó sí ìlú òkèèrè, èmi jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín níbí, láàárín àgékù aṣọ, kọ̀ǹpútà mi lórí tábìlì tí ẹ fi ń gé ṣòkòtò, ó sì la ẹnu ní ìpàdé orí kọ̀ǹpútà àná, lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pé n kì í bèèrè nǹkan kan, pé bóyá n kò tíì ṣetán fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, pé tí òun kò bá rí iṣẹ́ gúnmọ́ kan kí oṣù yìí tó parí, òun á fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Àyè mi! Àyè tí mo fi ààwẹ̀ àti omijé gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run!

Ẹ ní kí ni? Pé bóyá n kò bèèrè lóòótọ́? Háà! Ẹ gba fóònù yìí, ẹ ka lẹ́tà tí mo kọ sí i fúnra yín. Ṣé nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa ni ọmọ ti ń pàdé àgbà, tí á kàn sọ ìbéèrè lù ú bí òkò? Mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú òtútù, mo bèèrè ìyàwó, mo bèèrè ọmọ, mo ní orúnkún ìyá wa ti ń sàn díẹ̀díẹ̀ lágbára Jésù, mo ṣàdúrà fún un. Ìgbà yẹn ni mo tó wá rọra bèèrè nísàlẹ̀ pátápátá pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n bu omi àwọn kànga náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àbí kí n dúró?’ Ẹ wo èsì rẹ̀: ‘O ṣeun, ara wa le.’ Ó parí! Mo tún kọ òmíràn, mo tún fi kún ìkíni, mo ní bóyá ti àkọ́kọ́ ni kò tó. ‘O ṣeun, ara wa le.’ Bí mo ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un sí i ni ìbéèrè mi ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí kòtò, ọkùnrin yìí kò sì ka lẹ́tà mi kọjá ibi tí mo ti bèèrè ìyàwó rẹ̀!

Òjò sì ń ṣú bọ̀. Ẹ sáà mọ̀ pé ohun tó wà nínú omi kànga nígbà ẹ̀rùn àti lẹ́yìn òjò ni mo ń wádìí. Bí òjò bá ti kán sí i, ọdún kan ti wọgbó nìyẹn.

Ní ìpàdé ńkọ́? Mo dorí kodò, mò ń wo ìka ọwọ́ mi. Ta ló kọ́ mi pé ọmọ kì í tẹjú mọ́ àgbà tó bá ń bá a wí? Ṣebí ẹ̀yin náà ni! Ó ní mo dákẹ́, ó ní òfìfo ni mí. Bí Élì àlùfáà gẹ́lẹ́! Ètè Hánà ń mì, ó ń tú ọkàn rẹ̀ jáde níwájú Olúwa, bàbá jókòó ti òpó tẹ́ńpìlì, ó ní ọtí ló ń pa á. Ṣùgbọ́n Hánà dá a lóhùn o! Ibẹ̀ ni àwọn oníwàásù máa ń fò. Ó ní rárá, olúwa mi, n kò mutí. Ṣé ẹ gbọ́ ‘ẹ dárí jì mí’ níbẹ̀?

Sùúrù wo? Wọ́n ní kí Bátíméù afọ́jú panu mọ́, ṣé ó panu mọ́? Ṣe ló túbọ̀ kígbe!

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ fún yín. Àwọn ìgò inú fíríìjì yín, tí ẹ ní wọ́n gba àyè ọbẹ̀, tí ọkọ yín fẹ́ gbé mu tí mo fi ké bí ẹni tí ejò bù ṣán, omi kànga ni! Mo ti bu ú. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run kọ́kọ́ ṣú ni mo gbé okùn àti garawa, n kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ìwé tí ẹ ní kí n kọ sí i, mo ti kọ ọ́ láàárọ̀ yìí. N kò kí i. Ẹ má ṣe káwọ́ lérí, n kò kí i! Mo ní: ‘Omi kànga ti wà nílẹ̀. Ṣé kí n gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, àbí kí n dà á nù? Mo ti bèèrè rí, ẹ kò dáhùn.’ Mo sì fi ránṣẹ́. Ẹ ní ó máa lé mi? Kó lé mi, ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi kò fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ rẹ̀!

Kí ló dún yẹn? Ẹ fún mi ní fóònù mi. Ẹ fún mi! Jésù, òun ni. Ó ní… ó ní kí n má da ẹ̀kán kan nù! Ó ní kí n gbé e lọ lónìí, ó ní iṣẹ́ gidi nìyí, èmi ni màá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Halelúyà! Élì ti mọ̀ pé kì í ṣe ọtí!

Ẹ dúró, ó kù nísàlẹ̀. Ó ní… Háà! Hà-hà-hà! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dì mí mú! Ó ní, ‘Ṣùgbọ́n o kò kí mi lónìí. Ṣé àlàáfíà ni? Orúnkún ìyá rẹ ńkọ́?’

N kò ní dá a lóhùn! Ẹ bá mi kó ìgò mi jáde. Kí òun náà máa retí, kó mọ bó ṣe ń rí.