Wọ́n Ní Mi Ò Wá Wo Eré Ọmọ Mi

Rárá o, Bàbá Festus, ẹ má bu omi fún mi, òùngbẹ kọ́ ló gbé mi wá, ẹ má tẹ́ ẹní, mi ò jókòó! Ọmọ yín bà mí jẹ́! Wáláì, Festus ọmọ yín bà mí jẹ́, irọ́ kan ṣoṣo ló fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi, irọ́ tí kò tó ìka ọwọ́ ní gígùn, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí sáyé!

Ẹ ní kí n rọra? Mo ń rọra. Bí mi ò bá rọra, ṣé ẹnu ọ̀nà yín ni mi ò bá dúró sí? Láti Adó-Àwáyè ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin ni alàgbà ìjọ, ẹ̀yin lẹ yọ̀ǹda ilẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn eré náà. Ta ni kí n tún lọ rò ó fún?

Ẹ mọ̀ mí, èmi Ràmọ́nì ahunṣọ. Ẹ sì mọ ọmọ mi, Àdìjátù, òun náà lẹ̀ ń pè ní Mọ́ládé. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ló ń gbé nílùú yín níbí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́, mo ní kó máa lọ, ìwé ò burú, àfi bí mo ṣe gbọ́ lọ́jọ́ kan pé wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, pé orúkọ tí mo pa àgbò sọ ọ́ ti di ohun àtijọ́. Mo bínú! Ta ni kì í bínú? Mo ní kó má pè mí ní bàbá mọ́, mo ní orúkọ tuntun yẹn kò ní ti ẹnu mi jáde títí wọn yóò fi sin mí. Ó fẹ́ ọkọ, ó fẹ́ Adétúnjí akọ̀wé rélùwéè, mi ò yọjú. Àjàkálẹ̀ àrùn lukúlúkù dé lọ́dún tó kọjá, ó pa àbúrò mi níhìn-ín, ó pa Sàrátù ìyàwó mi, ìyá Àdìjátù, lọ́dọ̀ mi, ọmọ náà sáré wá sí Adó-Àwáyè, ó ń ké lẹ́nu ọ̀nà mi pé kí n jẹ́ kí òun wá wo ibi tí wọ́n sin ìyá òun sí, èmi Ràmọ́nì, mo wà nínú ilé, mi ò ṣílẹ̀kùn.

Kí lẹ fẹ́ sọ? Ẹ sọ ọ́, ẹ má gbé e mì! Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ̀san ni. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi, Bàbá Festus, mo ti sọ ọ́ dé ibi tí ẹnu ń kan. Ṣùgbọ́n bí èmi bá ṣẹ ọmọ mi, ṣé Festus ni Ọlọ́run ní kó wá jẹ mí níyà?

Ọmọ ní sùúrù ju bàbá lọ. Yẹ̀kínì tó ń ta òwú ló bá mi nídìí òfì, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ń kí yín. Ó ní wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn eré sí Ìṣẹ́yìn, eré mẹ́rin ni wọ́n máa fi ṣí i, Ọjọ́rú mẹ́rin léraléra, òun ni wọ́n fi ṣe olorì nínú eré àkọ́kọ́, òun nìkan ló sì máa kọrin ìparí. Ó ní tí ẹ bá wá, tí òun rí yín níwájú, òun á mọ̀ pé ẹ ti dárí ji òun. Tí ẹ ò bá sì wá, òun ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́ láéláé, torí tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ bá mọ́ lẹ́yìn eré náà, ọkọ òun ń kó òun lọ sí Kánò."

Ọ̀kọ̀ tí mo fi ń hunṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sunkún, àgbà mi, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, Yẹ̀kínì ò mọ ibi tó máa wò.

Ṣé mo dúró dìgbà tí ọjọ́ pé? Rárá! Wọ́n ní ẹni tí kò bá tètè gba tíkẹ́ẹ̀tì, ìta ló máa wà, pé èrò ń bọ̀ láti Òtù, láti Àgọ́-Àrẹ, àní láti Ṣakí, pé àwọn kan ti gba ti eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ó ku ọjọ́ méjìdínlógún kí eré bẹ̀rẹ̀ tí mo ti wà níwájú ilé yín yìí! Ẹ̀yin náà rí ìlà náà, ó gba iwájú ilé yìí dé ìdí igi oṣè, àwọn tíṣà, àwọn akọ̀wé, àwọn ìyàwó wọn, wọ́n ń bára wọn jà sí bẹ́ńṣì, ẹni kan ní òun ò ní jókòó sẹ́yìn òpó, ẹni kan ní òun ò ní jókòó ti ìyálé òun. Èmi nìkan ni mo wé láwàní láàárín wọn. Obìnrin kan bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá Àáfà, wọn kì í ṣe wàásù níbí o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín! Kí ni wọ́n lè sọ tó máa dùn mí lọ́jọ́ yẹn?

Nígbà tó kàn mí, mo dé ọ̀dọ̀ Festus tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Ọmọ mi, ibi tí ẹni tó wà lórí pèpéle á ti rí ojú mi kedere ni mo ń wá. Èmi ni mo bí olorì." Ẹ gbọ́ o, ó mọ̀! Mo sọ ọ́ fún un! Ó dìde lórí àga rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ìjókòó keje lórí bẹ́ńṣì iwájú, bàbá, ọ̀gangan ibi tó máa dúró sí kọrin gan-an nìyẹn." Ó kọ orúkọ mi sára páálí pélébé, ó kọ eéje sábẹ́ rẹ̀, ó sì súre fún mi. Ọmọ tó dára lójú báyẹn! Mo súre fún un padà, Bàbá Festus, ẹnu mi yìí ni mo fi súre fún ọmọ yín.

Ọjọ́ pé. Mo ti hun ìró sányán kan fún ọmọ mi, mo ká a, mo gbé e sábẹ́ abíyá, oòrùn ṣì ga nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn. Ọkùnrin kan tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ọlágòkè ni wọ́n ń pè é, ó wo aṣọ tí mo gbé dání, ó ní, "Bàbá, a ò ra aṣọ lónìí." Mo yọ páálí mi. Ó wò ó, ó wo inú ilé, ó ní, "Ẹnì kan ti wà níbẹ̀." Báwo? Oníṣòwò òwú kan ló ti Ìbàdàn dé lójijì pẹ̀lú ìyàwó mẹ́ta, Festus sì gbé bẹ́ńṣì iwájú fún wọn! Mo ní, "Bàbá ọmọ tó ń ṣeré ni mí." Ó ní, "Kí ni orúkọ ọmọ yín?" Mo ní, "Àdìjátù." Ó ní, "Kò sí Àdìjátù nínú eré yìí."

Háà! Orúkọ kejì wà lẹ́nu mi o. Ó dé orí ahọ́n mi, ó dúró. Ìgbéraga ni, kí ni mo tún fẹ́ pè é? Kí n tó gbé e jáde, wọ́n ti tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn ti bọ́ síwájú. Mo nà gọ́gọ́, mo rí Festus nínú ilé, òun náà rí mi, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó yíjú. Ẹ bi í! Ẹ bi í bóyá kò rí mi!

Mo yípo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí fèrèsé wà, wọ́n ti pa gbogbo fèrèsé dé nítorí àwọn tí kò gba tíkẹ́ẹ̀tì tó ń yọjú. Tíkẹ́ẹ̀tì ń bẹ lọ́wọ́ mi! Mo fi etí lé ògiri. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ẹ̀rín, mo ń retí. Ìgbà tó yá, gbogbo ilé pa rọ́rọ́, ohùn kan ṣoṣo dìde. Bàbá Festus, ohùn ìyá tó bí mi ni! Ogún ọdún ti lọ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, àfi bó ṣe ń ti ọ̀fun ọmọ mi jáde. Ó kọrin dé àárín, ó dákẹ́ fẹ́ẹ́. Àwọn tó wà nínú ilé máa rò pé bí orin ṣe rí nìyẹn. Mo mọ̀ pé bẹ́ńṣì iwájú ló ń wò. Ó ń wò ó, ó ń rí oníṣòwò òwú.

Mo kígbe. "Mọ́ládé!" Èmi tí mo ti búra! "Mọ́ládé! Mọ́ládé, bàbá rẹ rèé!" Àtẹ́wọ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ta ló máa gbọ́ arúgbó tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀?

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ńlá títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni àwọn eléré ń gbà jáde. Mi ò mọ ilé ọkọ rẹ̀, ìyà tí mo fi ọwọ́ ara mi fà nìyẹn. Ìgbà tí mo fi máa bèèrè dé ibẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn alárù ti gbé ẹrù wọn, wọ́n ti tọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ. Mo sáré tẹ̀lé wọn. Mo sáré títí mo fi ṣubú, àwọn tó ń bọ̀ láti oko ló gbé mi dìde.

Ìyá Ọmọ́bọ́lá tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà ló wá tú u fún mi. Ó ní ojú òun ló ṣe, pé bí eré ṣe parí, ọmọ mi bọ́ sílẹ̀ tààrà lọ́dọ̀ Festus, ó ní, "Ṣé bàbá mi wá?" Festus, ọmọ yín, ọmọ alàgbà, ó ní, "Kò wá o. A fi ààyè wọn sílẹ̀ títí, nígbà tí a ò rí wọn la fi ẹlòmíràn síbẹ̀." Ìyá Ọmọ́bọ́lá ní ọmọ mi ò sunkún. Ó kàn ní, "Ó dáa," ó lọ palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ó dáa! Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Kó tiẹ̀ ti bú mi ni! Ẹni tó bá ń búni ṣì ń bọ̀ wálé.

Kí lẹ nà sí mi yìí? Tíkẹ́ẹ̀tì? Ti eré mẹ́ta tó kù, bẹ́ńṣì iwájú? Bàbá Festus, ọmọ ta ni kí n lọ wò? Ẹ gbà á, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi kí n má baà ṣìwà hù sí àgbà.

Lẹ́tà? Ẹ ní kó kọ lẹ́tà? Ọmọ mi á kà á, á ní bàbá òun ló lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun purọ́. Ẹnu tó sọ pé mi ò wá, ẹnu yẹn náà ló gbọ́dọ̀ sọ pé mo wá, lójúkojú, ní Kánò. A jọ ń lọ ni. Owó ọ̀nà wà lọ́wọ́ mi, mo ti ta sányán náà. Èmi á dúró níta, Festus á kọ́kọ́ wọlé lọ sọ ohun tó ṣe, bí ọmọ mi bá ní kí n wọlé, n ó wọlé, bó bá ní kí n padà, n ó padà, ó ṣáà ti mọ òótọ́.

Kò sí nílé kẹ̀? Ta ló ń wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn? Festus! Festus o! Jáde wá, ọmọ mi, mi ò ní nà ọ́, mi ò ní ṣépè fún ọ. Lọ mú aṣọ rẹ, kí o bọ bàtà tó le. Kánò jìnnà.